Ibùsùn Àsorọ̀ Lọ́nà Ìgbẹ́mọ

Òórùn tapólì tí oòrùn ti yan ló kọ́kọ́ máa ń dé sí mi nímú nígbà tí mo bá ń rántí ọdún tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ nínú igbó ọba. Òórùn kẹrosíìnì ló máa ń tẹ̀lé e, èyí tí a máa ń fi pa okùn kí èèrà má baà gba orí rẹ̀ wá bá wa lórí ibùsùn. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ kọjá níwájú ìsọ̀ àwọn tó ń ta tapólì l'Ádòó, mo máa ń yá ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ mi rò pé ariwo ọjà ni mi ò fẹ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí àwọn sójà gbé ìjọba fún àwọn alágbádá nígbà náà, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n sì ka gbogbo Èkìtì mọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama ni, mò ń retí èsì ìdánwò mi, mo sì gbà pé gbogbo ayé ló ń bá mi retí rẹ̀. Bàbá wa ti kú nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìyá wa ń hun kíjìpá nínú ilé wa ní Òkè-Ìlá l'Ádòó, aṣọ híhun yìí ló sì fi rán àwa méjèèjì níwèé. Ẹ̀gbọ́n mi jù mí lọ dáadáa, ó ti di ọkùnrin tí àwọn ìyá ọlọ́mọge ń fi ojú ìfẹ́ wò, ṣùgbọ́n kò tíì gbé ìyàwó. Ìjọba fẹ́ mọ iye igi gẹdú tó ṣẹ́kù nínú igbó ọba tó wà lẹ́yìn Ìgbẹ́mọ, wọ́n rán awọnlẹ̀ kan wá, awọnlẹ̀ náà sì ń wá àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí yóò máa la ọ̀nà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà níbi iṣẹ́ náà ṣáájú. Òun ló mú mi lọ bá ọ̀gá, ó ní àbúrò òun lágbára, bẹ́ẹ̀ gbogbo agbára tí mo ní nígbà náà, ẹnu ló wà.

Ọjọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ni wọ́n fún mi ní ẹrù tèmi. Ibùsùn kánfáàsì kan ni, tó ní òrùka irin ní ibi orí àti ní ibi ẹsẹ̀, pẹ̀lú okùn gígùn méjì, àwọ̀n ẹ̀fọn, àti tapólì tí a ó ta sókè bí òrùlé. Hámọ́ọ̀kì ni ọ̀gá awọnlẹ̀ ń pè é. Àwa pè é ní àsorọ̀, nítorí pé sáàárín igi méjì ni a ń so ó rọ̀ sí. Ohun tó jọ mí lójú jù láyé nìyẹn. Mo gbé e wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹ́ fi ṣe fáàrí fún àwọn ọmọ àdúgbò. Mo so ó mọ́ igi máńgòrò àti òpó ilé ìdáná, mo gun orí rẹ̀, mo nà gbalaja, mo fa etí kánfáàsì bo ara mi lójú nítorí oòrùn. Ìgbà tí ìyá mi jáde láti ìdí òfì rẹ̀ láti wá bu omi, ohun tó rí ni aṣọ tó rọ̀ sáàárín igi àti òpó, tí ènìyàn sì wà nínú rẹ̀ tí kò mira.

Igbe tó ké, n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. "Sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀!" ló ń wí. "Sọ̀kalẹ̀, mo ní o sọ̀kalẹ̀! Báyẹn ni wọ́n ṣe gbé bàbá rẹ wá ulé!"

Mo bọ́ sílẹ̀, mo fi orúnkún gbá ilẹ̀. N kò rántí ìgbà tí wọ́n gbé bàbá mi wálé, ṣùgbọ́n mo mọ àṣà náà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá kú sí oko kì í sùn sí oko. Wọ́n á dì í sínú aṣọ tó yi, wọ́n á so aṣọ náà rọ̀ mọ́ ọ̀pá gígùn, ọkùnrin méjì á wà níwájú, méjì á wà lẹ́yìn. Àwọn tó gbé e kì í kí ẹnikẹ́ni lọ́nà, wọn kì í sì í jẹ́ ìkíni. Ẹni tó bá pàdé wọn á yà sínú koríko, ọkùnrin á ṣí fìlà, obìnrin á tú gèlè, wọ́n á dákẹ́ títí ẹrù náà yóò fi kọjá. Ìdákẹ́ yẹn ni gbogbo ọ̀nà oko fi ń mọ ohun tó ń kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi ló tu ìyá wa nínú lọ́jọ́ náà. Ó jókòó tì í lẹ́bàá òfì, ó ní, "Yèyé, orí ulẹ̀ ni ejò wà. Nǹkan yìí ló ń gbé wa kúrò lórí ulẹ̀." Ó fi ẹ̀rín sí i, ó ní bí òun bá ti gbé ìyàwó, òun á so ọ̀kan fún ìyá wa kó máa fi jẹ atẹ́gùn. Ìyá wa kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni kí ẹ sùn lé nínú igbó. Tí ẹ bá ti ń bọ̀ wá bá mi, ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ fi rìn wá." Àwa méjèèjì ṣèlérí fún un. Mo ṣe é bí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ ọmọdé, nítorí pé mo ti kàwé.

Inú igbó ni mo ti rí i pé ìwé ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so okùn. Ọjọ́ kìíní, mo fa àsorọ̀ mi le bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Mo rò pé bó bá ti le tó ni yóò ti dára tó. Bí mo ṣe fi ìdí kàn án ló yí mi dànù sínú ewé tútù, àwọn ará ibi iṣẹ́ sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi tú u, ó tún un so. Ó ní kí n jẹ́ kí ó rẹlẹ̀ láàárín, kí n má sì sùn tààrà lórí rẹ̀, kí n dùbúlẹ̀ ní ìdábùú díẹ̀, ẹ̀yìn mi á sì tẹ́. Ó kọ́ mi láti fi àpò ìdọ̀họ ògbólógbòó yí igi kí okùn tó kan án, kí okùn má baà yọ̀ sílẹ̀. Ó kọ́ mi láti so àkísà kékeré mọ́ okùn nítòsí òrùka, kí òjò tó bá ń gba ojú okùn bọ̀ lè kán sílẹ̀ níbẹ̀, kó má wọ inú ibùsùn. Ṣùgbọ́n kí ó tó fọwọ́ kan okùn rárá, ó máa ń dúró sábẹ́ igi, á gbé ojú sókè, á wo gbogbo ẹ̀ka pátá. Bí ó bá rí ẹ̀ka gbígbẹ kan, a ó kó ẹrù wa lọ síbòmíràn. "Igi gànnàngànnàn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó," ló máa ń wí, á wá fi ìka gún mi nímú. Ìgbà tó yá, gbogbo ẹgbẹ́ wa kì í so nǹkan kan mọ́ igi kankan tí ẹ̀gbọ́n mi kò bá tíì wo òkè rẹ̀.

Ẹnìkan ṣoṣo ló kọ àsorọ̀ nínú wa. Bàbá àgbàlagbà kan ni, lagilagi ni láti ìgbà èwe rẹ̀, òun ló máa ń sọ orúkọ igi fún ọ̀gá. Orí ẹní ló ń sùn, lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, lábẹ́ tapólì. Bí a bá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gun tirẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀wọ́, èmi è tíì kú," á sì fa aṣọ borí. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ní kí n sọ òótọ́, oṣù wọ̀nyẹn dùn mọ́ mi. Bí oorun ọ̀sán bá gbé wa lẹ́yìn oúnjẹ, mo máa ń wo ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń fì nínú kánfáàsì rẹ̀, tó fẹsẹ̀ kan sílẹ̀, tó ń fi àtàǹpàkò ti ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì ń rò pé bí àgbà ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, a fẹ́ kó kúrò níbi tí a wà lọ síwájú. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó sì ti dá. Bí a ṣe máa ń tú ibùdó ni a tú u: ibùsùn la ń kọ́kọ́ ká, tapólì la ń tú kẹ́yìn, kí ẹrù má baà tutù. Ẹ̀gbọ́n mi ti ká tirẹ̀ tán, ó ń tú okùn ibi orí lára igi. Atẹ́gùn ò fẹ́. Igi tó so ó mọ́ yè kooro, ó sì ti wo òkè rẹ̀ lọ́jọ́ tí a dé. Igi kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò so nǹkan mọ́, ló ní ẹ̀ka tó ti kú, ìtàkùn gbé e dúró sókè láàárín ewé, àfi bí ènìyàn bá jẹ́ ẹyẹ ló fi lè rí i. Òjò ló mú un wúwo. Mo gbọ́ pàà, mo gbojú sókè, ó ti balẹ̀. Ó gbá ẹ̀gbọ́n mi ní ìhà àti ikùn, ó sì tì í lulẹ̀.

Ó dìde fúnra rẹ̀. Ó gbọn ewé kúrò lára, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí nǹkan kan, ó sì fẹ́ máa bá okùn kíká lọ. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde lára rẹ̀ rárá. Nígbà tó yá ló jókòó. Nígbà tó tún yá ló ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ìgbà tí ọ̀gá awọnlẹ̀ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó ti le bí pákó, ojú rẹ̀ sì ti funfun. Ọ̀gá ní kí a gbé e lọ sí ọsibítù l'Ádòó kíákíá. Ìgbẹ́mọ ni Lándírófà wa wà, ọ̀nà tó wà láàárín kò ju ọ̀nà oko lọ, mọ́tò ò lè gbà á. Ó rán ẹni tó mọ eré sá jù nínú wa síwájú kó lọ sọ fún awakọ̀ kó múra.

A gbìyànjú láti pọ̀n ọ́n. Ó ké tí gbogbo wa fi jọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè tẹ ikùn, kò lè jókòó. Ó di dandan kó dùbúlẹ̀, ohun kan ṣoṣo sì ni a ní tí ènìyàn lè dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ kí a sì gbé e. Ọ̀gá ní kí a gé ọ̀pá, kí a so àsorọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọkùnrin wo ara wọn, wọ́n fà sẹ́yìn. Bàbá lagilagi ló gba ẹnu gbogbo wọn sọ ọ́. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. A kì í gbé alààyè báyẹn. Ẹni tó bá rí wa á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún rẹ̀."

Ọ̀gá kì í ṣe ará ibẹ̀. Ó pariwo mọ́ wọn, ó ní wọ́n fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ pa ènìyàn ni. Kò sí ẹni tó mira. Èmi tí mo ní ìwé, mo kúnlẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ tó wà. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbé mi. Mọ á máa dáhùn."

Bàbá lagilagi wò ó títí, ó wá gbà. Ó ní, "Ó dáa. Ẹni tí a bá pàdé tó bá kí wa, ìwọ fúnra rẹ lo máa dá a lóhùn. Òkú kì í jẹ́ ìkíni. Níwọ̀n ìgbà tí o bá ń jẹ́ ẹ, alààyè là ń gbé, a ó sì máa sáré. Bí o bá dákẹ́, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀, a ó ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ, nítorí pé àlejò kì í gbé òkú olókùú wọ̀lú." Gbogbo wọn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé wọ́n á ṣe é bí wọ́n ṣe wí i. Mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú koríko kí a tó dé Ìgbẹ́mọ, ó parí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi náà ló sọ bí a ó ṣe so okùn mọ́ ọ̀pá. Ó ní kí a má ṣe é le jù, kí òun má baà rọra yọ́ lọ síbi ẹsẹ̀. A ta tapólì sórí ọ̀pá nítorí òjò, etí rẹ̀ méjèèjì wá sílẹ̀ bí aṣọ ìkélé. Ọkùnrin méjì wà níwájú pẹ̀lú bàbá lagilagi tó ń la ọ̀nà, méjì wà lẹ́yìn. Èmi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi wà lábẹ́ tapólì lórí èjìká rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà kò burú. A pàdé ọkùnrin kan tó gbé ẹmu, ó ti fẹ́ yà sínú koríko, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí fìlà, ẹ̀gbọ́n mi bá ké láti inú kánfáàsì, "Ẹ kú uṣẹ́ o! Ẹmu ọ̀hún dùn bí?" Ọkùnrin náà fò sókè, ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní bí ara rẹ̀ bá ti yá, kó wá tọ́ ọ wò. Àwọn tó gbé e rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ wọn sì yá sí i. A pàdé àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti odò, ó dá wọn lóhùn, ó ní ọba ni òun lónìí, òun ò lè fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n láàárín ẹni kan sí ẹni kejì, ó ń dákẹ́ pẹ́. Èjìká rẹ̀ tutù lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó ní kí n fún òun lómi, omi náà tú dànù ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó pe orúkọ mi, ó ní, "Tí a bá ti dé inú mọ́tò, ẹ gbé mi jókòó. Má jẹ̀ẹ́ kí Yèyé rí mi báyìí." Mo ní mi ò ní jẹ̀ẹ́. Ohun tó gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu mi nìyẹn, àbí kò tilẹ̀ gbọ́ ọ, n kò lè sọ.

Àgbẹ̀ kan jáde láti inú oko ìrẹsì, ó sì kí wa: "Ẹ kú ọ̀nà o." Mo dúró kí ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. Kò dáhùn. Ẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú falẹ̀. Mo tẹ èjìká rẹ̀, kò mira. Àgbẹ̀ náà ti gbé ọwọ́ sí fìlà.

Ohùn kan náà ni Ọlọ́run fún àwa méjèèjì. Kódà nígbà tí a bá wà nínú ilé tí a bá pe ara wa láti yàrá sí yàrá, ìyá wa a máa ní òun ò mọ èwo ló ń pe èwo. Mo tẹ orí mi sábẹ́ tapólì, mo ní, "Ẹ kú uṣẹ́ oko o, bàbá."

Bàbá lagilagi yíjú padà. Ó rí mi. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn rí mi, wọ́n rí ẹnu mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Omi ń kán láti orí ewé. Lẹ́yìn náà ni bàbá arúgbó náà kọjú síwájú, ó ní, "Ó dáhùn. Ẹ jẹ́ á máa lọ." Wọ́n sì sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ títí dé Ìgbẹ́mọ, gbogbo ẹni tó kí wa, èmi ni mo ń dáhùn, wọ́n sì ń gbọ́, wọ́n sì ń sáré. Bí mo bá rántí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn, omi a máa bọ́ lójú mi títí di òní.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlú nígbà tí a pàdé ìyá oníìrẹsì. Ilé rẹ̀ àti ilé wa ní Òkè-Ìlá, ògiri kan ló pín wọn. Ó máa ń wá ra ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ìgbẹ́mọ nínú oko wọn, ó sì ti rà tán, ó ń lọ bá ọkọ̀ akẹ́rù tó ń dúró dè é. Apá kejì ọ̀nà ló wà, tapólì wà láàárín wa, kò rí mi. Ó dá àwọn kan mọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Mo gbọ́ tó ní, "Yéè! Ọmọ ta ni?" Mo mọ̀ pé gèlè rẹ̀ ló ń tú.

Mo ní, "Èmi ni, mà. Ẹ kú ọjà o."

"Ṣé ìwọ ẹ̀gbọ́n nìyẹn? Ṣé kò sí nǹkan?"

"Igi ló já lù mí díẹ̀. Ọsibítù ni wọ́n ń gbé mi lọ. Ẹ bá mi kí Yèyé. Ẹ ní kí wọ́n má mikàn."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lókè ohùn, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ṣáájú wa lọ. Nígbà tí a dé ibi tí Lándírófà wà, ọkọ̀ akẹ́rù náà ti gbéra. A gbé ẹ̀gbọ́n mi sínú mọ́tò. A fẹ́ gbé e jókòó bó ṣe bẹ̀ wá, ọrùn rẹ̀ kò dúró. Bàbá lagilagi ràn mí lọ́wọ́ láti tẹ́ ẹ, ó fa aṣọ bò ó dé àyà, ó kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò, ó sì ṣí fìlà rẹ̀. Àwọn yòókù náà ṣí tiwọn.

Dókítà kò pẹ́ lórí rẹ̀ rárá. Ó ní ó ti lọ kí a tó kúrò ní Ìgbẹ́mọ. Wọ́n ní kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì jókòó, ẹrẹ̀ igbó wà lẹ́sẹ̀ mi. Mò ń gbìyànjú láti ronú ẹni tí yóò lọ sí Òkè-Ìlá lọ sọ fún ìyá mi, mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti dé. Ó ró ìró tó dára, ó gbé ògì gbígbóná sínú fúláàsì, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sọ fún nọ́ọ̀sì kan pé, "Ọmọ mi ni wọ́n gbé wá láti Ìgbẹ́mọ. Ara rẹ̀ le o, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kí mi." Ó yí ẹ̀yìn sí mi.

Mo pè é. "Yèyé" nìkan ni mo wí.

Inú rẹ̀ dùn, mo rí i ní èjìká rẹ̀ kí ó tó yíjú. Ó ní, "Ṣé o ti dìde jókòó?" Ó yíjú sí mi. Ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi, ó tún wò mí. Ó gbé fúláàsì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó fọ́. Ó ní, "Ìwọ lo kí mi." Mo ní, "Èmi ni, Yèyé." Kò ké igbe. Èyí tó ké nítorí bàbá mi lábẹ́ igi máńgòrò, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lọ́jọ́ yìí, ó sì bà mí lẹ́rù ju igbe lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló sin ín. Ìyá wa kò débẹ̀, òbí kì í wo sàárè ọmọ. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ, wọ́n ń wí bẹ́ẹ̀ fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó sì ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá oníìrẹsì kò gbà títí ó fi kú pé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi lòun bá sọ̀rọ̀. Kò sì sí ẹni tó bá a jiyàn. Ìyá wa kò bínú sí mi. Ó ní ohun tí mo ṣe ni ẹ̀gbọ́n mi ìbá ṣe.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí àwọn abánidárò ti dẹ́kun, mo ti ojú ọ̀nà bọ̀, mo sì kí i láti ìta bí ọmọ gidi ti í ṣe: "Yèyé, ẹ kú ulé o!" Mo gbọ́ ariwo igi òfì tó wó lulẹ̀. Ó sáré jáde, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ìgbà tó rí mi, ó di òpó mú. Ó wá ní, "Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Máa wọlé kí n rí ọ ná, kí o tó kí mi."

Láti ọjọ́ náà, mi ò kí ìyá mi láti ìta mọ́. Mo di olùkọ́, mo gbé ìyàwó, mo ń kó àwọn ọmọ wá kí i, wọ́n á máa pariwo láti ẹnu ọ̀nà, èmi á sì wọlé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn wọn, n ó dúró síwájú rẹ̀ títí yóò fi gbójú sókè, kí n tó dọ̀bálẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní ìwé ti bà mí jẹ́, pé ọmọ wo ló ń wọlé bá ìyá rẹ̀ bí olè. Ìyá mi a máa dá wọn lóhùn pé òun lòun ní kí n máa ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó darúgbó, ojú rẹ̀ fọ́. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́, nítorí pé kò lè rí mi kí n tó sọ̀rọ̀. Mo wá ń fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀ ná, á fi ìka wá òrùka ìgbéyàwó mi, á ní, "Ìwọ ni," lẹ́yìn náà ni n ó tó kí i. A ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún díẹ̀.

Ní ọjọ́ kan báyìí tí ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an, mo fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, kò wá òrùka. Ó ní, "Lọ síta. Kí mi láti ibẹ̀." Mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó tún un sọ. Mo jáde, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lójú mi. Èmi tí mo ti dàgbà ju ẹ̀gbọ́n mi lọ fíìfíì, tí irun mi ti funfun, mo ké láti ìta pé, "Yèyé, ẹ kú ulé o!"

Mo gbọ́ tí ó ń fa ara rẹ̀ dìde lórí ibùsùn.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ló wí. "O mà pẹ́ o."

N kò bi í léèrè ẹni tó ń kí káàbọ̀. Mo di òpó mú, mo ní, "Ẹ má bínú, Yèyé. Ọ̀nà ló jìn."